Iná Onífésì Mẹ́ta Nínú Yàrá Àyẹ̀wò Físíìsì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Ìfihàn Rẹ̀

Iná aṣànlọ-ṣànbọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní AC, ni iná mànàmáná tí ìṣàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan: ó ń ga, ó ń rọlẹ̀ títí yóò fi di òdo, ó ń yí ojú padà láti ṣàn gba ọ̀nà kejì, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà, ní Benin àti ní Bìrìtéènì, àti ní ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà àti ní Brazil. Ìrìn kan bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni ìlọ-bọ̀ kan, wọ́n sì máa ń pín in sí 360 dígírì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pín òbìrí, kí ó lè ṣeé ṣe láti sọ ibi tí ìṣàn náà dé ní àkókò èyíkéyìí. Ibi tí ó dé yìí ni fésì rẹ̀. Iná onífésì púpọ̀ ni èyí tí ó ní ìṣàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn ga bákan náà, tí wọ́n sì yára bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọn kì í dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù ni onífésì mẹ́ta, nínú èyí tí ìṣàn kọ̀ọ̀kan fi 120 dígírì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta ìlọ-bọ̀ kan, rẹ̀yìn sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta tí ń gúnyán nínú odó kan ṣe máa ń sọ ọmọ odó kalẹ̀ tẹ̀léra, tí odó kò fi ní sinmi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn fésì mẹ́ta náà ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ohun tí ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí ṣòro láti fi hàn nínú yàrá àyẹ̀wò ni pé ìtẹ̀léra yìí gan-an ni kókó rẹ̀, ó sì yára ju ohun tí ojú lè bá lọ. Ní 50 Hz, ìyẹn ìlọ-bọ̀ 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo tí ó wà láàárín fésì kan àti èkejì kò tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá. Gílóòbù tí okùn inú rẹ̀ ń gbóná kì í ráyè tutù kí ìṣàn tó tún dé, mítà tí wọ́n sì fi ń wọn AC kì í sọ ju ìwọ̀n iná náà lọ. Kò sọ ìgbà tí ó ga. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọ̀sán gbáko nídìí tábìlì tí wọ́n to mítà mẹ́ta sí, kí ó kọ 240, 240, 240 sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì jáde láìtíì rí fésì kankan. Ní àwọn ìlú Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìṣòro mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti mọ fésì láti ilé, níbi tí wọ́n ti ń yí i padà sí òmíràn nígbà tí iná ọ̀kan bá lọ tàbí tí ó bá rẹlẹ̀, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé iná mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí kò sí ìbátan kankan láàárín wọn. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí ó yẹ láti fi wo ọ̀nà ìfihàn kọ̀ọ̀kan ni bóyá ó fi àkókò hàn. Èyí tí kò bá fi àkókò hàn, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, kì í ṣe fésì ni ó fi hàn.

Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ yìí, ìfihàn orí tábìlì ni ó ṣáájú ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1824, François Arago ní ilẹ̀ Faransé ṣàkíyèsí pé bí awo bàbà bá ń yí nítòsí abẹ́rẹ́ òòfà, abẹ́rẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í fa bàbà. Michael Faraday ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé bí òòfà àti bàbà bá ń rìn kọjá ara wọn, ìṣàn iná ni ó ń dìde nínú bàbà náà. Ó wá ku kí ẹnìkan mú kí agbára òòfà yí po láìjẹ́ pé irin kankan ń yí. Walter Baily ni ó ṣe èyí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1879, níwájú ẹgbẹ́ àwọn onífísíìsì ìlú náà. Ó to irin òòfà oníná mẹ́rin sábẹ́ awo bàbà kan tí ó so rọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ yí ohun èlò kan tí ń pààrọ̀ ojú iná bátìrì sí wọn ní ìtẹ̀léra, awo náà sì ń yí. Iná bátìrì ni ó lò, kì í ṣe AC, agbára òòfà rẹ̀ sì ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn dípò kí ó máa yọ́ lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn aṣáájú, iṣẹ́ tirẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò òde òní lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀ jù, nítorí ó lọ́ra tó kí ojú lè tẹ̀ lé e.

Ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì, Galileo Ferraris gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí AC ní ọdún 1885. Ó gbé kọ́ìlì méjì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká lọ́pọ̀ ìgbà, sí igun 90 dígírì sí ara wọn, ó mú kí ìṣàn inú ọ̀kan rẹ̀yìn sí ti èkejì, ó sì so sílíńdà bàbà kékeré rọ̀ sáàárín wọn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọdún 1888 ni ó tó gbé iṣẹ́ náà jáde, kò sì gbà pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún iṣẹ́ ńlá, nítorí ìṣirò rẹ̀ sọ fún un pé ó kéré tán ìdajì agbára iná náà yóò ṣòfò. Nínú oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ lórí àwọn ẹ̀rọ onífésì púpọ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ṣàlàyé wọn fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná ní New York. Ní ọdún 1889, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ọmọ Rọ́ṣíà tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ AEG ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ ìyípo onífésì mẹ́ta tí irú rẹ̀ ṣì wà nínú ilé iṣẹ́ títí di òní. Ní ọdún 1891 ni wọ́n gbé iná onífésì mẹ́ta láti Lauffen lórí odò Neckar lọ sí ibi ìpàtẹ ní Frankfurt, ìrìn kìlómítà 175, láti fi tan gílóòbù bí 1,000 àti láti fi gbé omi gun òkè fún ìṣàn omi àtọwọ́dá kan. Ní ìpàtẹ Chicago ní ọdún 1893, ẹyin bàbà ni wọ́n fi hàn, tí iná Tesla ń yí lórí àwo títí tí yóò fi nàró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Ìfihàn tí ó dùn-ún wò ni, ṣùgbọ́n ẹyin tí ó nàró kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìṣàn kan ń tẹ̀ lé òmíràn.

Nínú àwọn ọ̀nà òde òní, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni láti mú iná onífésì mẹ́ta tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ láti orí òpó, kí wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, 240 fólítì ni ó máa ń wà láàárín fésì kọ̀ọ̀kan àti niútírà, ìyẹn wáyà kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń gbà padà, tí 415 fólítì sì wà láàárín fésì kan àti òmíràn. Irú agbára yìí kò ní iṣẹ́ kankan lórí tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Tiránsífọ́mà mẹ́ta tí ń sọ 240 di 12 fólítì, tí wọ́n so orí kan nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ sójú kan, ni ó yẹ kí ó wà láàárín ògiri àti ọwọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú fíúsì kékeré lórí fésì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn má baà sún mọ́ 50 fólítì tí àwọn òfin ààbò fi ṣe ààlà fún AC. Níbi yìí nìkan ni mítà lásán ti ní ohun kan sọ nípa fésì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọn fólítì 12 lórí fésì kan, tí ó wọn 12 lórí èkejì, tí ó wá wọn àárín àwọn méjèèjì, kì yóò rí 24, kì yóò sì rí òdo, 20.8 ni yóò rí, ìyẹn 12 ní ìlọ́po 1.732, èyí tí ó jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó jáde bí ìṣàn méjì tí ó dọ́gba bá fi 120 dígírì jìnnà síra. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ lè mọ̀ọ́mọ̀ so tiránsífọ́mà kan sódì, kí méjì nínú àwọn òǹkà mẹ́ta náà já wálẹ̀ sí 12, kí ó sì ní kí wọ́n wá ẹlẹ́ṣẹ̀ náà jáde. Ìdánwò tí ó mú ọpọlọ ṣiṣẹ́ ni, àmọ́ ẹni tí ó ti mọ ohun tí fésì jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ni òǹkà náà ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ tí ó sọ àkókò di àwòrán ni oscilloscope, èyí tí ń ya gíga iná sójú gíláàsì bí ìṣẹ́jú ti ń lọ, tí ìṣàn fi ń hàn bí ìgbì. Ní Strasbourg ní ọdún 1897, nígbà tí Karl Ferdinand Braun ṣe irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí ó ní lọ́kàn gan-an ni bí wọn yóò ṣe máa fi ìṣàn tí ń yí padà han àwọn ènìyàn. Bí ẹ̀rọ náà bá lè gba ìṣàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì mẹ́ta yóò hàn tẹ̀léra lójú kan, ẹ̀kọ́ náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí méjì péré ni ó lè gbà, fésì àkọ́kọ́ yóò dúró síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ èkejì àti ẹ̀kẹta. Ohun méjì ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé wáyà dúdú tí ó wà lára ọwọ́ ẹ̀rọ náà ti so mọ́ áàtì, ìyẹn wáyà tí ó wọ ilẹ̀, bí ẹnìkan bá sì fi í kan fésì iná ojú ògiri, iná yóò sán lójú ẹsẹ̀. Niútírà tiránsífọ́mà kékeré nìkan ni ó yẹ kí ó kàn, gígé wáyà áàtì náà kúrò lára ẹ̀rọ láti fi yẹra fún un sì jẹ́ ewu tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èkejì kò léwu, ṣùgbọ́n ó burú fún ẹ̀kọ́: àwọn oscilloscope kan ní ètò tí ó ń jẹ́ kí ìgbì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gòkè, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tò síbi kan náà bí ẹni pé kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Fésì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ máa dá àkókò fún gbogbo wọn.

Fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní oscilloscope, ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí àwọn olùkọ́ kò kà sí tó bí ó ti yẹ. Gílóòbù LED kì í pẹ́ tàn, kì í sì í pẹ́ kú, nítorí náà bí wọ́n bá to mẹ́ta sórí igi kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba iná tirẹ̀ láti fésì 12 fólítì pẹ̀lú dáyóòdù, ìyẹn ohun tí ń jẹ́ kí iná ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo, àti ìdènà tí ó yẹ, tí wọ́n sì fi igi náà kọjá lójú kíákíá nínú òkùnkùn, ìlà mẹ́ta tí ó já síra yóò hàn dípò ojú iná mẹ́ta. Bí ọwọ́ bá ń rin mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ-bọ̀ kan yóò gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ìlà kejì yóò sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lé díẹ̀ rẹ̀yìn sí ti àkọ́kọ́. Kámẹ́rà fóònù tí ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ní 50 Hz kò ní rí tó àwòrán márùn-ún yà nínú ìlọ-bọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo àwọn wọ̀nyí ni èyí tí ó mú kí AC fúnra rẹ̀ lọ́ra. Wọn yóò to kọ́ìlì mẹ́ta tí ó dọ́gba yí irin òòfà kan ká, tí igun 120 dígírì wà láàárín wọn, wọn yóò sì so orí kan nínú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀. Orí kejì kọ̀ọ̀kan yóò lọ sí galvanometer kan, ìyẹn mítà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sí àárín, tí ó lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí ìṣàn bá ti dojú kọ. Ẹ̀yìn àwọn mítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé, wáyà kan ṣoṣo yóò sì gbé ìṣàn wọn padà sí ibi tí orí àwọn kọ́ìlì ti so pọ̀. Bí wọ́n bá wá fi ọwọ́ yí òòfà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìyípo kan ní bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yóò yà, èkejì yóò tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀, kí àkọ́kọ́ tó tún dé. Bí ọwọ́ bá yí i sẹ́yìn, ìtẹ̀léra náà yóò yí padà. Èyí tí ó wúni lórí jù ni mítà kẹrin tí wọ́n bá fi sójú wáyà ìpadà náà, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá bí àwọn mẹ́ta yòókù ti ń jó. Pé àròpọ̀ ìṣàn mẹ́ta tí ó fi 120 dígírì jìnnà síra jẹ́ òdo nígbà gbogbo, tí ìwé máa ń fi ìlà ìṣirò mẹ́rin tàbí márùn-ún jẹ́rìí, ni ojú ń rí níbi yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìyára òòfà ni ó ń pinnu agbára iná tí yóò jáde, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti lọ́ra tó ni iná náà yóò ṣe kéré tó. Ìdí nìyẹn tí kọ́ìlì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, tí òòfà sì gbọ́dọ̀ lágbára.

Àwọn tí kò ráyè ká kọ́ìlì lè rí ẹ̀rọ onífésì mẹ́ta rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin tàbí níbikíbi tí irú wọn bá wà, nítorí alitanétọ̀ ọkọ̀, tí ń fún bátìrì ní iná, jẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá onífésì mẹ́ta tí dáyóòdù inú rẹ̀ ń sọ AC di iná tí kì í yí ojú padà. Bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n fa wáyà mẹ́ta jáde ṣáájú àwọn dáyóòdù náà, tí wọ́n sì fún àárín rẹ̀ ní iná bátìrì díẹ̀, onífésì mẹ́ta yóò jáde ní fólítì tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Púpọ̀ nínú wọn ní ojú òòfà 12, tí ó fi jẹ́ pé 1,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ń mú 100 Hz wá. Ẹ̀rọ ìyípo kékeré inú hard disk kọ̀ǹpútà tí ó ti bàjẹ́ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìka nìkan ni wọn yóò fi ta á, púpọ̀ nínú wọn sì ní wáyà mẹ́rin, fésì mẹ́ta àti ojú àárín wọn.

Ọ̀nà ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá ni èyí tí ó ń gbilẹ̀ báyìí. Pátákó Arduino kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n lè kọ àṣẹ sínú rẹ̀, lè ní òǹkà 120 tí ó ṣàpèjúwe ìlọ-bọ̀ kan, kí ó máa ka òǹkà kan náà fún ojú ìjáde mẹ́ta, ti èkejì ní ipò 40 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta ní ipò 80, kí ẹ̀rọ mẹ́ta tí ń sọ iná kékeré di ńlá sì fún wọn lágbára tó láti fi ti iná sínú kọ́ìlì. Àǹfààní rẹ̀ tóbi, nítorí láìtú wáyà kankan, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ-bọ̀ kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì dé 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí olùkọ́ ti kọ sínú rẹ̀ ni ó ń sọ jáde. Òòfà tí ọwọ́ ń yí sọ ìdí tí 120 dígírì fi wà níbẹ̀, pátákó yìí kàn ń tẹ̀ lé àṣẹ ni. Ipò kejì ni ó yẹ ẹ́.

Ohun tí gbogbo fésì wọ̀nyí wà fún, ìyẹn agbára òòfà tí ń yí po, ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Bí kọ́ìlì mẹ́ta náà bá yí kọ́ńpáàsì ká, tí ìlọ-bọ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, abẹ́rẹ́ yóò máa bá iná náà yí ní ìṣísẹ̀ kan. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà méjì èyíkéyìí, yóò yí ojú padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sún wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ní ipò kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí yóò yí padà, ìbéèrè tí ó sì dára jù láti bi akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó tan iná nìyí. Bí ìyára bá ń lọ sókè, yóò dé ibì kan tí abẹ́rẹ́ kò ní lè bá a mọ́, tí yóò kàn máa gbọ̀n. Níbẹ̀ ni agolo ohun mímu tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ti wúlò, tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé orí abẹ́rẹ́ kan kí ó lè yí fàlàlà: òòfà kì í fà á, síbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, nítorí ìṣàn tí ó dìde nínú rẹ̀ ni agbára òòfà náà ń dì mú. Kò ní bá a dọ́gba láéláé. Bí ó bá bá a dọ́gba, kò ní sí ìṣàn kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Fáànù òkè àjà tí ó wà lórí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ onífésì méjì. Fésì kan ṣoṣo ni ó wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ kékeré rẹ̀, ìyẹn ohun tí ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì tún ń tú u sílẹ̀, ń sún àkókò ìṣàn tí ó wọ kọ́ìlì kejì, tí agbára òòfà fi rí ọ̀nà yí po. Bí kapásítọ̀ náà bá kú, fáànù yóò máa kùn láìyí, ẹni tí ó bá sì fi igi tì í yóò rí i pé ọ̀nà tí wọ́n bá tì í sí ni yóò gbà. Fáànù kékeré tí wọ́n tú sórí tábìlì lè fi gbogbo èyí hàn, níwọ̀n bí wọ́n bá ti bo àwọn ojú wáyà rẹ̀ dáadáa.

Ó ku niútírà, tí àwọn ìwé máa ń yára kọjá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni ó kan ilé jù. Kí wọ́n so gílóòbù ọkọ̀ mẹ́ta mọ́ fésì 12 fólítì mẹ́ta, ọ̀kan tí ó jẹ́ wáàtì 21 àti méjì tí ó jẹ́ wáàtì 5, kí wọ́n sì já niútírà nígbà tí gbogbo wọn ń tàn. Gílóòbù ńlá yóò ṣú, àwọn kékeré yóò tàn ju bí ó ti yẹ lọ: bí ìdènà wọn kò bá yí padà, ìṣirò fi hàn pé bíi 6 fólítì ni yóò kù fún ti ńlá, tí bíi 16 fólítì yóò sì bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kékeré. Ohun kan náà gan-an ni ó ń jó tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì ní àdúgbò tí niútírà rẹ̀ bá já lórí òpó, níbi tí ẹrù àwọn fésì, ìyẹn àwọn ohun tí ń gba iná lára wọn, kò ti dọ́gba.

Àwọn ohun èlò òde òní sì ti fi ohun kan kún un tí òòfà tí ọwọ́ ń yí kò lè fi hàn. Bí wọ́n bá yọ gílóòbù mẹ́ta náà, tí wọ́n fi dáyóòdù mẹ́rin àti kapásítọ̀ ńlá sórí fésì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ṣájà àti nínú ọ̀pọ̀ gílóòbù LED, ìṣàn kì yóò rí bí ìgbì mọ́. Orí ìgbì nìkan ni yóò ti máa ṣẹ́jú wọlé fún ìgbà díẹ̀. Níwọ̀n bí ìwọlé ìṣàn fésì kan kò ti bá ti òmíràn pàdé, kò sí èyí tí yóò pa òmíràn rẹ́ nínú wáyà ìpadà. Ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba délẹ̀, síbẹ̀ mítà tí ó mọ ìwọ̀n irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ kà dáadáa yóò rí ìṣàn nínú niútírà tí ó lè tó ìlọ́po 1.73 ti fésì kọ̀ọ̀kan, oscilloscope yóò sì fi hàn pé 150 Hz, kì í ṣe 50, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.